Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Ìwúlò Fífetí sí Oríṣiríṣi Ẹ̀yà Orin fún Olùkọ́ Èdè Yorùbá

Àṣamọ̀

Iṣẹ́ yìí ṣe àlàyé ìdí tí ó fi yẹ kí olùkọ́ èdè Yorùbá, àti ẹni tí ń kọ́ṣẹ́ olùkọ́, máa fetí sí ẹ̀yà orin tí ó ju ọ̀kan lọ. Sákárà, àpàlà, wákà, jùjú, fújì, Afrobeat àti orin ìsìn ìjọ ni ó gbé yẹ̀ wò. Ó fi hàn pé kò sí ọ̀kan nínú wọn tí ó dá hù, pé ọ̀nà tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń gbà lo ohùn ọ̀rọ̀ yàtọ̀ síra, àti pé olùkọ́ tí ó bá mọ etí rẹ̀ sí ẹ̀yà kan ṣoṣo yóò pàdánù apá kan nínú èdè tí ó fẹ́ kọ́ àwọn ọmọ. Ìlànà tí olùkọ́ lè tẹ̀ lé nínú kíláàsì ni ó fi kádìí rẹ̀.

1.0 Ìfáàrà

Yorùbá bọ̀, wọ́n ní bí ọmọdé kò bá dé oko bàbá ẹlòmíràn, yóò ní kò sí oko tí ó tóbi tó ti bàbá òun. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ọ̀rọ̀ orin rí. Ẹni tí wọ́n fi orin ìjọ tọ́ dàgbà lè gbà pé kò sí orin mìíràn tí ó mọ́ tó o. Ẹni tí ó dàgbà sí àdúgbò tí fújì ti ń dún láti àárọ̀ di alẹ́ lè máa wo dùùrù ilé ìsìn gẹ́gẹ́ bí ohun àjèjì. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ òde òní ni kò sì mọ orin kankan ju èyí tí ó wọlé sórí fóònù wọn ní ọdún méjì sí mẹ́ta sí ìgbà tí wọ́n wà.

Fún ẹni tí orin jẹ́ fàájì lásán, kò sí ẹ̀ṣẹ̀ nínú èyí. Ohun tí ó wu kálukú ni yóò máa gbọ́. Ọ̀rọ̀ olùkọ́ èdè Yorùbá ni ó yàtọ̀. Inú kíláàsì rẹ̀ ni ọmọ ẹlẹ́gbẹ́ àsàlátù, ọmọ ìyá ìjọ, ọmọ onílù àti ọmọ tí kò gbọ́ ìlù dùndún rí ti ń pàdé. Èdè kan náà ni gbogbo wọn ń sọ, ṣùgbọ́n orin tí ó kọ́ wọn ní èdè náà nílé kò dọ́gba. Bí olùkọ́ bá mọ ẹ̀yà orin kan ṣoṣo, ọmọ tí ó ti inú orin mìíràn wá yóò rí i pé ìmọ̀ tí òun gbé wá láti ilé kò níye lórí ní ilé ẹ̀kọ́. Ewu èyí kò kéré, nítorí ọmọ tí ojú bá ń tì nítorí orin ilé wọn kò ní pẹ́ tí ojú yóò fi máa tì í nítorí èdè ilé wọn.

Kókó tí iṣẹ́ yìí dá lé ni pé fífetí sí oríṣiríṣi orin jẹ́ apá kan nínú iṣẹ́ olùkọ́ èdè, bí kíka oríṣiríṣi ìwé ṣe jẹ́.

2.0 Kò sí Ẹ̀yà Orin tí ó Dá Hù

Ẹ̀rí àkọ́kọ́ wà nínú ìtàn àwọn ẹ̀yà orin náà fúnra wọn. Ẹni tí ó bá sọ pé jùjú nìkan ni òun ń gbọ́ tàbí pé fújì nìkan ni ó tẹ́ òun lọ́rùn kò mọ̀ pé orin tí òun fẹ́ràn kì bá tí sí bí àwọn tí ó dá a sílẹ̀ bá ní irú etí bẹ́ẹ̀.

Ìlú Èkó ni jùjú ti gbérí láàrin ọdún 1930 sí 1940. Tunde King, tí wọ́n bí ní 1910, ni ọ̀pọ̀ onímọ̀ máa ń dárúkọ gẹ́gẹ́ bí ẹni tí orúkọ náà ti ọ̀dọ̀ rẹ̀ gbilẹ̀. Láti ìbẹ̀rẹ̀ ni orin yìí ti da ohun èlò òkèèrè pọ̀ mọ́ ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìlù gángan wọ inú rẹ̀. Nígbà tí ó yá, I. K. Dairo (1930 sí 1996) mú àkọ́díọ́nù kún un, ó sì lo ìlù àti ẹ̀ka-èdè ìbílẹ̀ débi pé orin náà kọjá Èkó, ó di ti gbogbo ilẹ̀ Yorùbá. King Sunny Ade, ní tirẹ̀, mú irú gìtá onírin kan tí wọ́n ń tẹ́ kalẹ̀ lò wọ inú jùjú. Ọwọ́ àwọn olórin ìgbèríko Amẹ́ríkà ni irú gìtá yìí ti lókìkí jù. Bí ó bá jẹ́ pé olórin náà kò gbọ́ ju jùjú lọ, níbo ni ì bá ti rí ohun èlò bẹ́ẹ̀?

Fújì náà kò yàtọ̀. Inú wéré, tí àwọn ọ̀dọ́ fi ń jí àwọn Mùsùlùmí fún sàárì nínú oṣù Ramadan, ni ó ti jáde. Sikiru Ayinde Barrister (1948 sí 2010) ni ẹni tí a mọ̀ jù nínú àwọn tí ó sọ ọ́ di ẹ̀yà orin tí ó dá dúró. Ó fà nínú àpàlà, ó fà nínú sákárà, ó sì jẹ́wọ́ pé láti ara orúkọ òkè Fuji ti ilẹ̀ Japan ni òun ti mú orúkọ orin náà. Nígbà tí ó di ti Wasiu Ayinde, dùùrù onínáàmọ́ná àti fèrè sasofóònù dara pọ̀ mọ́ ìlù fújì.

Ìdílé Ransome-Kuti tún fi ọ̀rọ̀ yìí hàn kedere. Àlùfáà ìjọ Áńgílíkà ni J. J. Ransome-Kuti (1855 sí 1930) jẹ́. Ó kọ orin ìsìn ní èdè Yorùbá, ó sì kọ wọ́n sínú àwo ní ìlú London ní 1922. Ọmọ ọmọ rẹ̀ ni Fela Anikulapo-Kuti (1938 sí 1997), ẹni tí ó lọ kọ́ ẹ̀kọ́ orin ní Trinity College of Music ní London ní 1958. Fela gbọ́ orin ìjọ nílé, ó kọ́ orin àwọn Òyìnbó ní ilé ẹ̀kọ́, ó ṣe highlife, ó gbọ́ jazz, ó sì dé Amẹ́ríkà ní 1969, níbi tí orin àwọn ènìyàn dúdú ibẹ̀ ti ràn án lọ́wọ́ láti wo orin ilé pẹ̀lú ojú tuntun. Àpapọ̀ gbogbo ìwọ̀nyí, pẹ̀lú ọwọ́ onílù bí i Tony Allen, ni ó bí Afrobeat.

Fela Sowande (1905 sí 1987) náà wà níbẹ̀. Ọmọ ẹgbẹ́ akọrin ìjọ ní Èkó ni ó jẹ́ nígbà èwe rẹ̀. Ní London, ó di atẹdùùrù tí ó gba ìwé ẹ̀rí tí ó ga jùlọ nínú iṣẹ́ náà, síbẹ̀ ó ń tẹ dùùrù jazz. Nígbà tí ó gbé iṣẹ́ rẹ̀ African Suite jáde ní 1944, ohùn orin ilẹ̀ Adúláwọ̀ ni ó gbé lé ọwọ́ àwọn olóhun-èlò Òyìnbó.

Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ kí wọ́n pe àgbà ní wèrè. Àwọn àgbà ọ̀jẹ̀ wọ̀nyí kò pàdánù ìdánimọ̀ wọn nítorí pé wọ́n gbọ́ orin ẹlòmíràn. Orin ẹlòmíràn ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ ohun tí tiwọn lè dà.

3.0 Ohùn Orin àti Ohùn Ọ̀rọ̀

Ẹ̀rí kejì kan iṣẹ́ olùkọ́ èdè gbọ̀ngbọ̀n. Èdè olóhùn ni Yorùbá: ohùn òkè, ohùn àárín àti ohùn ìsàlẹ̀ ni ó ń fi ọkọ, ọkọ́, ọkọ̀ àti ọ̀kọ̀ hàn yàtọ̀ síra wọn. Orin náà ní ohùn tirẹ̀ tí ń gòkè tí ń sọ̀ kalẹ̀. Ìbéèrè tí ó wà nílẹ̀ ni pé, nígbà tí ohùn orin àti ohùn ọ̀rọ̀ bá pàdé, èwo ni yóò tẹ̀ lé èkejì? Ẹ̀yà orin kọ̀ọ̀kan ni ó ní ìdáhùn tirẹ̀.

Nínú orin ìsìn tí àwọn ajíhìnrere mú wá ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ohùn orin ni ó ti wà ṣáájú. Òyìnbó ni ó dá a fún ọ̀rọ̀ Òyìnbó, lẹ́yìn náà ni wọ́n túmọ̀ ọ̀rọ̀ sí Yorùbá tí wọ́n sì gbé e lé ohùn náà. Bí àpẹẹrẹ, bí ẹnì kan bá fẹ́ kọ gbólóhùn yìí lórin: Bàbá ra ọkọ́. Bí ohùn orin bá sọ̀ kalẹ̀ ní sílébù tí ó kẹ́yìn, ohun tí etí yóò gbọ́ ni: Bàbá ra ọkọ̀. Ẹni tí ó ra irinṣẹ́ oko ti di ẹni tí ó ra mọ́tò. Ìṣòro náà tún jinlẹ̀ jù báyìí lọ. Ohùn orin kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń kọ ẹsẹ mẹ́rin tàbí márùn-ún. Bí ohùn náà bá tilẹ̀ bá ọ̀rọ̀ ẹsẹ kìn-ín-ní mu, kò dájú pé yóò bá ti ẹsẹ kejì mu, nítorí ọ̀rọ̀ ibẹ̀ ní ohùn tirẹ̀.

Àwọn olórin ìjọ fúnra wọn ni ó kọ́kọ́ kígbe sí ọ̀rọ̀ yìí. T. K. E. Phillips (1884 sí 1969), tí ó jẹ́ atẹdùùrù àti olórí akọrin ní Kàtídírà Kírísítì ní Èkó fún ọ̀pọ̀ ọdún, gbé ìwé rẹ̀ lórí orin Yorùbá jáde ní 1953. Ohun tí ó tẹnu mọ́ nínú rẹ̀ ni pé ọ̀rọ̀ àti orin kò ṣe é yà nípá ní èdè Yorùbá. Òun àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kọ orin ìsìn tí ohùn rẹ̀ ń tẹ̀ lé ohùn ọ̀rọ̀. Kí ni ó jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé nǹkan kan kù? Wọ́n fetí sí orin tí àwọn ènìyàn ń kọ lẹ́yìn ògiri ilé ìsìn.

Ní ti àpàlà, ọ̀rọ̀ ni ó ń darí. Bí Haruna Ishola (1919 sí 1983) tàbí Ayinla Omowura (1933 sí 1980) bá ń kọrin, ohùn adárin kì í jìnnà sí ohùn ẹni tí ń sọ̀rọ̀ pẹ̀lú ìtẹnumọ́. Gángan a máa dá a lóhùn. Onílù ń fún awọ tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ tí ó yí ìlù náà ká kí ohùn lè gòkè, ó sì ń dẹ̀ ẹ́ kí ohùn lè sọ̀ kalẹ̀. Nínú àpàlà náà ni àgídìgbo wà, ohun èlò tí òwe mẹ́nu bà nígbà tí ó ní bí òwe bí òwe ni à ń lu àgídìgbo, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Nínú sákárà ti Yusuf Olatunji, tí ó kú ní 1978, gòjé ni ó ń tọ ẹsẹ̀ ohùn akọrin lẹ́yìn, tí ọwọ́ onísákárà sì ń tẹ awọ ìlù láti yí ohùn rẹ̀ padà.

Kì í ṣe pé orin ìbílẹ̀ kì í yà kúrò lójú ohùn ọ̀rọ̀ rárá. Olórin a máa fa ohùn gùn, a sì máa tẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún nítorí adùn. Ohun tí ó ṣe pàtàkì ni pé ìyàtọ̀ náà kì í sábà pọ̀ tó èyí tí yóò ba ìtumọ̀ jẹ́.

Láti inú jùjú, ẹ̀kọ́ mìíràn wà. Bí elégbè mẹ́ta bá ń kọrin papọ̀, ohùn wọn sábà máa ń gòkè papọ̀, wọn a sì sọ̀ kalẹ̀ papọ̀, kí ọ̀rọ̀ má baà bàjẹ́ lẹ́nu ẹnikẹ́ni. Nínú ìlànà akọrin ti Òyìnbó, ohùn ìsàlẹ̀ àwọn ọkùnrin lè máa sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ti àwọn obìnrin ń gòkè. Bí ọ̀rọ̀ bá tọ̀nà lẹ́nu ẹgbẹ́ kan, ó ti lè wọ́ lẹ́nu ẹgbẹ́ kejì. Ẹni tí ó gbọ́ orin méjèèjì ni yóò mọ ìyàtọ̀ yìí. Ẹni tí ó gbọ́ ọ̀kan ṣoṣo yóò rò pé bí orin ṣe ń rí nìyẹn.

4.0 Ọ̀rọ̀, Ẹ̀ka-Èdè àti Ìtàn

Yàtọ̀ sí ohùn, ẹ̀yà orin kọ̀ọ̀kan jẹ́ àká ọ̀rọ̀. Oríkì ìdílé, òwe àti orúkọ àwọn gbajúmọ̀ ìgbà kan kún inú àpàlà àti sákárà. Ẹni tí ó bá fetí sí Ayinla Omowura yóò gbọ́ ẹ̀ka-èdè Ẹ̀gbá lójú ọ̀nà rẹ̀, bí ẹni tí ó bá fetí sí I. K. Dairo yóò ti gbọ́ ti Ìjẹ̀ṣà. Láti inú wákà, tí ó jẹ́ orin àwọn obìnrin Mùsùlùmí kí Batile Alake àti lẹ́yìn rẹ̀ Salawa Abeni tó sọ ọ́ di orin àwo, ni olùkọ́ ti lè gbọ́ bí obìnrin ṣe ń gbàmọ̀ràn, bí ó ṣe ń fèsì àti bí ó ṣe ń ki ara rẹ̀ ní gbangba. Orin ìjọ, ní tirẹ̀, pa àwọn ọ̀rọ̀ Yorùbá àtijọ́ kan mọ́ tí ọ̀dọ́ òde òní kò gbọ́ níbòmíràn.

Orin tún jẹ́ ìwé ìtàn. Nígbà tí Nàìjíríà yí ìwakọ̀ padà láti apá òsì títì sí apá ọ̀tún ní 1972, Ebenezer Obey kọrin láti fi kìlọ̀ fún àwọn ènìyàn. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà tí kò kàwé, irú orin bẹ́ẹ̀ ni ó ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn.

Àwọn ọ̀rọ̀ kan tilẹ̀ wà tí ó ń wó ògiri tí àwọn ènìyàn mọ sáàrin orin kan àti èkejì. Àdúrà, àlàáfíà àti wàásù ti inú èdè Lárúbáwá wá sínú Yorùbá. Wọ́n wà nínú wákà àti fújì, wọ́n sì wà nínú orin ìjọ pẹ̀lú. Kò sí Kírísítẹ́nì tí ń gbàdúrà ní Yorùbá tí kò jẹ nínú ogún yìí.

5.0 Ohun tí ń Dí Etí

Ohun mẹ́ta ni ó sábà máa ń dí olùkọ́ lọ́wọ́. Èkíní ni ẹ̀sìn. Àwọn kan gbà pé fífetí sí orin ẹlẹ́sìn mìíràn jẹ́ ìdarapọ̀ mọ́ ẹ̀sìn náà. Kò rí bẹ́ẹ̀. Bí olùkọ́ ṣe ń ka ẹsẹ Ifá nínú kíláàsì lítíréṣọ̀ láìdi babaláwo ni ó ṣe lè gbọ́ orin kí ó lè kọ́ni. Àwọn olórin fúnra wọn kò jẹ́ kí èyí dí wọn lọ́wọ́. Ní 1969, Haruna Ishola, ọ̀gá àpàlà tí ó jẹ́ Mùsùlùmí, dòwò pọ̀ pẹ̀lú I. K. Dairo, ọ̀gá jùjú tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ Aládùúrà, láti dá ilé-iṣẹ́ tí ń ṣe àwo orin sílẹ̀.

Èkejì ni ojú tí àwùjọ fi ń wo olórin. Ìgbà kan wà tí wọ́n ń ka fújì sí orin ọmọ ìta, bí àwọn kan ti ka jùjú sí orin ọ̀mùtí ṣáájú rẹ̀. Òótọ́ ni pé ọ̀rọ̀ rírùn wà nínú àwọn orin kan, kò sì yẹ kí olùkọ́ gbé irú rẹ̀ síwájú ọmọdé. Ẹ̀kọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni pé kí olùkọ́ ṣa orin kí ó tó lò ó. Ẹni tí kò gbọ́ kò sì lè ṣà.

Ẹ̀kẹta ni ọjọ́ orí. Àgbà a máa sọ pé orin ìwòyí kò ní ọ̀rọ̀ nínú, ọ̀dọ́ a sì ní orin àtijọ́ ń mú oorun kun òun. Àwọn méjèèjì ni ó ń pàdánù. Nínú iṣẹ́ tí Asake gbé jáde ní 2022, ọ̀nà ìgbéorin-kalẹ̀ fújì hàn ketekete sí ẹni tí ó bá mọ fújì. Ọ̀dọ́ tí kò gbọ́ Barrister rí ń jẹ oyin láìmọ ibi tí oyin ti wá. Olùkọ́ tí kò fẹ́ gbọ́ Asake sì ti sọ afárá tí ì bá fi kó àwọn ọmọ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ Barrister nù.

6.0 Ìlànà fún Kíláàsì

Iṣẹ́ yìí dá àwọn ìgbésẹ̀ wọ̀nyí lábàá fún ẹni tí ń lọ fún ìdánrawò iṣẹ́ olùkọ́ni.

(i) Kí olùkọ́ ní ìwé àkọsílẹ̀ orin. Lọ́sẹ̀ kọ̀ọ̀kan, kí ó gbọ́ orin kan tí ó fẹ́ràn àti méjì tí kì í gbọ́ tẹ́lẹ̀. Kí ó kọ ẹni tí ń kọrin sílẹ̀, ẹni tí wọ́n ń kọ ọ́ fún, àwọn ìlù tí ó wà níbẹ̀, àti ọ̀rọ̀ tí kò yé e. Kí ó wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ náà lọ́wọ́ àgbà kan kí ọ̀sẹ̀ tó parí.

(ii) Fún ẹ̀kọ́ àmì ohùn, kí ó lo gbólóhùn kúkúrú bí i Bàbá ra ọkọ́. Kí ó kọ ọ́ lórin lọ́nà tí ohùn orin bá ohùn ọ̀rọ̀ mu, kí ó sì tún un kọ lọ́nà tí kò bá a mu. Kí àwọn ọmọ sọ ohun tí bàbá rà ní ìgbà kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n sì fi àmì sí i lójú pátákó.

(iii) Bí gángan bá wà, kí ẹni tí ó mọ̀ ọ́n lù lu ohùn méjì, ìsàlẹ̀ àti òkè. Kí olùkọ́ béèrè bóyá bàbá, ìyá tàbí ìlú ni ìlù ń wí. Àwọn ọmọ yóò rí i pé mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ni ó bá a mu, àti pé gbólóhùn tí ó yí ọ̀rọ̀ ká ni ó ń jẹ́ kí ìtumọ̀ yanjú. Ìgbà yẹn ni iṣẹ́ tí kọ́ńsónáǹtì àti fáwẹ̀lì ń ṣe lẹ́gbẹ̀ẹ́ ohùn yóò yé wọn.

(iv) Kí olùkọ́ ní kí ọmọ kọ̀ọ̀kan mú orin kan wá láti ilé, èyí tí òbí tàbí ìyá àgbà rẹ̀ ń kọ. Kí kíláàsì gbọ́ gbogbo wọn láìfi ọ̀kan ṣẹ̀sín. Kí wọ́n to ọ̀rọ̀ tuntun inú wọn jọ sórí pátákó. Bí ọmọ tí kì í sọ̀rọ̀ bá rí ọ̀rọ̀ ilé wọn lójú pátákó, òun fúnra rẹ̀ ni yóò nàwọ́ láti ṣàlàyé rẹ̀.

7.0 Ìgúnlẹ̀

Iṣẹ́ yìí ti fi hàn pé etí tí ó gbòòrò ni ó bí gbogbo ẹ̀yà orin tí Yorùbá ń yangàn lé lórí, pé ọ̀nà tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń gbà lo ohùn ọ̀rọ̀ jẹ́ ẹ̀kọ́ tí ìwé gírámà nìkan kò lè kọ́ni tán, àti pé ọ̀rọ̀, ẹ̀ka-èdè àti ìtàn tí ó wà nínú ọ̀kan kò sí nínú èkejì. Kò pọn dandan kí olùkọ́ fẹ́ràn gbogbo orin. Ohun tí iṣẹ́ rẹ̀ béèrè ni pé kí ó gbọ́ wọn tó láti mọ ohun tí ọmọ kọ̀ọ̀kan gbé wá sí kíláàsì. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Olùkọ́ tí ó mọ ọ̀nà púpọ̀ ni yóò lè lọ pàdé ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹnu ọ̀nà tí ó gbà wá.